Páálí tó ní òun á mú ọmọ mi tètè sọ̀rọ̀

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Ọ̀kan jẹ́ ti fídíò kẹta, ọ̀kan jẹ́ ti káàdì tí kò ya, èyí tó kù sì jẹ́ ti páálí tí wọ́n kó gbogbo ẹrù náà sí. Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Ohun tí mo rà ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún òbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ tí kò tíì fọhùn bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ sọ ohun tó fẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Nígbà tí páálí náà dé, mo bá káàdì 40 nínú rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ọwọ́ sí iwájú, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn. Pósítà kan wà níbẹ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé pẹlẹbẹ kan wà, nọ́ńbà tí ènìyàn á fi wọlé wo fídíò 8 náà wà, pẹ̀lú áàpù kan tí wọ́n ní ọmọ gan-an ni yóò máa fi ọwọ́ tẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á. Irú ọjà yìí pọ̀ lọ jàra lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì jọra. Ẹni tó bá ti ra ọ̀kan rí á mọ ibi tí mo ń lọ.

Kí ló mú mi rà á? Ìpayà ni. Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ tí mo rà á fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́ gan-an kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún méjì kí n tó gbọ́ ohun tó yé mi lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọlé wa nígbà náà tí kì í bi mí pé ṣé kò tíì máa sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wá pé oṣù 9, tí ohùn rẹ̀ kò ju "bàbàbà" àti "dàdàdà" lọ, ìpolówó yìí yọ lójú fóònù mi: "Ọmọ yín á fi oṣù mẹ́ta ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀." Aago méjì òru, ọmọ léjìká, fóònù lọ́wọ́, oorun lójú. Kí ni abiyamọ ò ní rà nírú wákàtí bẹ́ẹ̀?

Oṣù 9 mà ni o. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ní ìtumọ̀ títí wọn á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún kan, àwọn mìíràn á sì kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ mi. Èmi ni ara mi ò balẹ̀.

Káàdì ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni "sí i": ènìyàn á kó orí ìka ọwọ́ ọ̀tún jọ, á kó ti òsì jọ, á wá máa fi wọ́n kan ara wọn. Ìwé pẹlẹbẹ ní kí n máa ṣe é lójú ọmọ nígbà 10 lójúmọ́, kí n máa fa ìlà sí ẹ̀yìn ìwé bí mo bá ti ṣe é. Mo ṣe é. Mo ṣe é títí bàbá rẹ̀ fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bí mo bá ní kó bá mi gbé nǹkan kan, tó bá ti gbé e tán, á kó ìka jọ sí mi lójú, á ní, "Ṣé kí n gbé sí i?" Àbẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ ẹnu. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jẹ káàdì yẹn. Kò ya, kò ṣá, àwọ̀ rẹ̀ kò bọ́. Ìràwọ̀ kan nìyẹn, mi ò lè fi dù wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ dé láti inú áàpù: "Ọmọ yín ò tíì ṣe àmì kankan. Ṣé ẹ̀ ń ṣe é déédéé?" Ó dùn mí. Mo kọ̀wé sí wọn pé mò ń ṣe é déédéé, pé ọmọ oṣù 9 ni ọmọ ọ̀hún, pé kí ni kí n tún ṣe. Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kí mi, wọ́n bá mi yọ̀ lórí ọmọ, wọ́n wá ní kí n ra ìpele kejì. Ẹni tí kò tíì rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́!

Mo ti fẹ́ ti gbogbo rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó wo fídíò kẹta. Nínú àwọn fídíò yòókù, ọmọbìnrin kan ló ń rẹ́rìn-ín ṣáá tó sì ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nínú ẹ̀kẹta yìí, ìyá àgbàlagbà kan ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan, kò sì sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ débi pé mo rò pé fóònù mi ló dákẹ́. Ìgbà tó yá ló wo kámẹ́rà, ó ní kí ẹ tó la ẹnu, ẹ ka ení dé àrún nínú ara yín. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo ibi tí ojú yẹn lọ àti ibi tó padà sí. Ìṣẹ́jú 11 péré ni fídíò náà. Kò fọwọ́ kan káàdì kankan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení dé àrún. Kò rọrùn fún elẹ́nu bíi tèmi. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀yìn rìsíìtì tó bá páálí náà dé ti kún fún ohun tí mo rí. Àbẹ̀kẹ́ na bọ́ọ̀lù sí mi, mo fẹ́ gbà á, kò jù ú sílẹ̀. Kò fún mi, ó ń fi hàn mí ni. Ó na apá méjèèjì sókè níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò lè gbé e, nígbà tí ìyẹn kò gbé e, ó yí apá náà sí mi. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ ń jáde. Bàbá juwọ́, juwọ́, ọmọ kàn ń wò ó bí ère. Bàbá jáde, ilẹ̀kùn padé, ó tó bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀, ló bá rọra gbé ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ká ní mo ti kọjú rẹ̀ síbòmíràn, tí mò ń pariwo "juwọ́ sí Bàbá, ó yá, juwọ́" bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò ní rí i. Màá máa ròyìn káàkiri pé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń juwọ́.

Nígbà tó pé oṣù 11 ni ìka yọ.

Alẹ́ ni, mo gbé e sẹ́sẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ká gbogbo ìka mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó wá fi èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò sílẹ̀ gbọnrangandan. Ó ní, "Ẹ̀n!" Mo rò pé omi ló fẹ́. Mo gbé ife fún un, ó tì í. Mo mú bọ́ọ̀lù, ó wò ó fẹ̀rẹ̀, ó tún na ìka: "Ẹ̀n! Ẹ̀n!" Ó wo gílóòbù, ó wo ojú mi, ó tún wo gílóòbù. Mo rántí ìyá inú fídíò. Ení, èjì, ẹ̀ta. Èmi náà gbé ojú sókè. "Áà, gílóòbù! Ó ti tàn!" Mo wò ó, ó wò mí, ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó ti ro ẹjọ́ rẹ̀ tó sì rí ẹni gbọ́ ọ, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò fẹ́ gílóòbù. Kí ni yóò fi ṣe? Ó kàn fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ wò ó ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n lọ wá àwọn "onímọ̀" tí ìpolówó náà ń fi ṣẹ̀rí, nítorí kò dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Wọ́n wà, iṣẹ́ wọn sì dára ju ọjà náà lọ. Ní 1975, Elizabeth Bates pẹ̀lú Luigia Camaioni àti Virginia Volterra kọ̀wé lórí àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣọ́ ní Ítálì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ ń fi títọ́ka ṣe. Nínú ọ̀kan, "gbé e fún mi" ló ń wí: ó ń lo àgbàlagbà láti rí nǹkan gbà. Nínú èkejì, "ẹ wò ó" ló ń wí: ó ń lo nǹkan láti rí ojú àgbàlagbà gbà. Ti gílóòbù, èkejì ni. Èmi wá ń fi ti àkọ́kọ́ dá a lóhùn, tí mò ń gbé omi àti bọ́ọ̀lù kiri inú yàrá.

Ní 2004, Ulf Liszkowski, Michael Tomasello àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ oṣù 12. Bí ọmọ bá tọ́ka sí nǹkan, àgbàlagbà kan á wo nǹkan náà, á wo ọmọ, á sì bá a yọ̀ sí i. Fún àwọn ọmọ mìíràn, á wo nǹkan náà nìkan. Fún àwọn mìíràn, ojú ọmọ nìkan ni yóò tẹjú mọ́, tí yóò máa bá a ṣeré. Fún àwọn tó kù, kò ní dá wọn lóhùn rárá. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló tẹ́ ọmọ lọ́rùn. Àwọn yòókù ń tọ́ka, wọ́n tún ń tọ́ka, bí ẹni ń sọ pé ẹ ò tíì gbọ́ mi. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ó ṣe mí bí ẹni pé ilé mi ni wọ́n ti wá wò ó.

Ibẹ̀ náà ni áàpù wọn ti já mi kulẹ̀ pátápátá. Àwòrán ajá á yọ, ọmọ á fi ìka tẹ̀ ẹ́, ohùn kan á ní "ajá". Wọ́n ní ìyẹn ni títọ́ka. Irọ́ ni. Àbẹ̀kẹ́ tẹ ajá yẹn tó ìgbà 30 láìgbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó bá ń tọ́ka máa ń yíjú wo ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá ó ti rí i. Fóònù kò ní ojú tí yóò fi bá ènìyàn wo nǹkan. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbé jáde ní 2019 ni pé kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ síwájú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, wọn ò sì gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé méjì pàápàá. Ìwé pẹlẹbẹ yìí ní kí á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6! Mo yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù mi.

Nígbà tó ṣe, Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmì o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti inú káàdì. Bó bá rí fáànù, tàbí tó bá fẹ́ kí á tan fáànù, á fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu: "fúù". Bó bá rí ajá, á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹ̀hẹ̀hẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Lórí káàdì kẹtàdínlógún, ọwọ́ ni wọ́n ní kí á fi máa gbá itan bí a bá fẹ́ sọ pé "ajá", ìwé sì ní bí ọmọ bá ṣe tirẹ̀, kí òbí di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó tún un ṣe bó ti yẹ. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó wò mí bí onílé tí àlejò ń júwe ọ̀nà ilé rẹ̀ fún.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ohun tí ọmọ dá ṣe gan-an ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 ní Amẹ́ríkà, Linda Acredolo, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, ṣàkíyèsí pé ọmọ òun tó jẹ́ bí ọmọ ọdún kan máa ń fa imú bó bá ti rí òdòdó. Kò tíì lè pe òdòdó lórúkọ, ló bá ń gbóòórùn rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìyá ọmọ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Susan Goodwyn, wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá àwọn ọmọ mìíràn náà ń dá irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń ṣe é. Báwo ni ohun tí ọmọ fi kọ́ àgbà ṣe wá di ohun tí wọ́n ń di ọmọ lọ́wọ́ mú fún?

Ẹ̀sùn mìíràn nìyí, kò sì kéré lójú mi. Púpọ̀ nínú àmì orí káàdì yẹn, inú èdè adití ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un, wọn ò sì sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Èdè tó ní gírámà tirẹ̀ ni èdè adití; àmì 40 kì í ṣe èdè. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ń gba èdè yẹn bí ọmọ yòókù ṣe ń gba ti ẹnu. Laura Petitto àti Paula Marentette kọ ọ́ ní 1991 pé ọmọ adití tó bá ń dàgbà lọ́dọ̀ irú òbí bẹ́ẹ̀ máa ń fi ọwọ́ ṣe "bàbàbà" tirẹ̀: á máa tún àwọn apá kéékèèké inú àmì ṣe lásán, láìní ìtumọ̀, bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe ń fi ẹnu ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n fi gbólóhùn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni èdè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ta ọjà. Ṣé ó ń mú ọmọ tètè sọ̀rọ̀? Elizabeth Kirk àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé ọmọ 40 láti oṣù 8 dé oṣù 20, iṣẹ́ náà sì jáde ní 2013. Àwọn ìyá kan kọ́ ọmọ wọn ní àmì ọwọ́, àwọn mìíràn kò kọ́ ọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ gbà á, wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọn ò tìtorí ẹ̀ tètè sọ̀rọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ara àwọn ìyá ni ìyàtọ̀ ti yọ: àwọn tó kọ́ ọmọ ní àmì ń fiyè sí ohun tí ọmọ ń fi ara sọ ju àwọn tó kù lọ. Fídíò kẹta nìyẹn, kì í ṣe káàdì.

Ibo wá ni ìpolówó ti rí ẹnu sọ̀rọ̀? Mo rò pé mo mọ ibẹ̀. Meredith Rowe àti Susan Goldin-Meadow kọ ọ́ ní 2009 pé ọmọ tó bá ń fi ọwọ́ sọ onírúurú nǹkan ní oṣù 14 sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní oṣù 54, tó bá ń múra àtiwọ ilé-ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n ń kà níbẹ̀ ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń nà nínú ilé: títọ́ka sí ajá, mímì orí, nína nǹkan sí ènìyàn. Kò sẹ́ni tó gbé káàdì fún wọn. Ẹni tó bá mú ìyẹn wá ta káàdì 40 dà bí ẹni tó rí i pé àwọn tó ga máa ń wọ bàtà ńlá, tó wá ń ta bàtà ńlá fún ẹni tó fẹ́ ga.

Ìdí tí ọwọ́ fi ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnu kò ṣòro láti rí nínú ilé mi. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá tọ́ka sí aago ara ògiri, tí mo ní "aago", orúkọ náà bá a níbi tí ọkàn rẹ̀ wà. Èmi kọ́ ni mo yan ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn, òun ni. Goldin-Meadow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo èyí náà ní 2007: ọ̀rọ̀ tí ìyá fi túmọ̀ ohun tí ọmọ fi ọwọ́ sọ máa ń tètè wọ ẹnu ọmọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Níbí yìí, ọmọ ìlédìí ló ń sọ àbọ̀ o, èmi ni mò ń gbìyànjú àtijẹ́ ọmọlúàbí.

Ìgbà mìíràn wà tí mi ò jẹ́ ẹ. Ní oṣù 15, bàtà bàbá rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bàbá kò sí nílé. Àbẹ̀kẹ́ dúró tì í, ó tọ́ka sí bàtà, ó wò mí, ó ní, "Bàbá." Mo ní, "Rárá, bàtà ni." Ó tún tọ́ka sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kì ìka bọ inú rẹ̀: "Bàbá!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 4, ń kọ́ ilé ìṣeré rẹ̀ nítòsí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn: "Màmá, bàtà Bàbá ló ń wí." Ọ̀rọ̀ méjì ni ọmọ sọ, ìka sọ ọ̀kan, ẹnu sọ èkejì, èmi sì ń tún ti ẹnu ṣe bí olùkọ́ burúkú. Jana Iverson àti Goldin-Meadow tẹ̀lé ọmọ 10 láti oṣù 10 dé oṣù 24, wọ́n kọ ọ́ ní 2005 pé ọmọ tó bá ṣáájú so ìka pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ báyìí ló ń ṣáájú so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti di ọmọ oṣù 19, ó gbá bàtà náà mọ́ àyà, ó ń wọ́ ọ bọ̀ lọ́dọ̀ mi: "Bàtà Bàbá." Kò tọ́ka sí nǹkan kan. Bàtà ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ohun kan wà tí kò sí nínú páálí náà, tó sì yẹ kó wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò kò kọ́kọ́ bi mí pé ọ̀rọ̀ mélòó ló ń sọ. Ó ní, "Ṣé ó máa ń nàka sí nǹkan láti fi hàn yín?" Mo ní ó ń nàka sí gbogbo nǹkan, títí dórí ẹyẹ tó bà sórí wáyà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì túká díẹ̀. Inú bí mi nígbà náà, mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo bá wá. Ó gbọ́. Nínú ìbéèrè 20 tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, tí wọ́n fi ń wo ọmọ oṣù 16 sí 30 bóyá àmì ọ́tísìmù (ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tó máa ń kan bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò) wà lára rẹ̀, títọ́ka ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀: ṣé ó ń fi ìka kan tọ́ka láti béèrè nǹkan, ṣé ó sì ń fi ìka kan tọ́ka láti fi ohun tó wù ú hàn yín. Èsì kan kò tó dá ẹjọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá pé oṣù 18 tí kì í tọ́ka, tí kì í fi nǹkan han ènìyàn, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jókòó ti káàdì. Ẹ má sì gbàgbé etí. Adití náà ń tọ́ka, nítorí náà bí ìka bá ti yọ tó pẹ́, tí ọ̀rọ̀ kò tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ojú-ewé 36 ni ìwé pẹlẹbẹ náà, kò sí ìlà kan lórí èyí. Ojú-ewé 4 ni wọ́n fi polówó ìpele kejì.

Àwọn àbùkù kéékèèké: pósítà já bọ́ lọ́jọ́ kejì. Oṣù 6 péré ni nọ́ńbà fídíò fi ṣiṣẹ́, ó sì tì ní àsìkò tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dun-ún wò. Ọwọ́ tó wà lórí káàdì 23 ní ìka mẹ́fà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹni tó ti rà á bá wà nítòsí yín, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ jókòó wo fídíò kẹta pẹ̀lú rẹ̀ kí nọ́ńbà tirẹ̀ tó tì. Bí ó bá jẹ́ nítorí kí ọmọ yín lè fi ẹnu ju ọmọ ẹlòmíràn lọ lẹ fẹ́ rà á, ẹ tọ́jú owó yín.

Ó ku ìràwọ̀ ti páálí. Ó nípọn, ó sì fẹ̀ tó ibi tí ọmọ oṣù 19 lè jókòó sí. Káàdì 29 ló kù nínú rẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí mo ti ń wá láti ìjẹta àti ẹsẹ̀ bàtà kan. Láàárọ̀ yìí mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí n lè ráyè gbálẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wá dúró sísàlẹ̀, ó tọ́ka sókè, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ó mọ "páálí" pè o, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń pè é. Mo ka ení, mo ka èjì. Kò sọ ìka kalẹ̀. Ó ní, "Gbé." Mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún un.